Orí Keje: Òtútù, Ọ̀rinrin àti Iyọ̀ — Ìtọ́jú Báàtì àti Bọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe nínú oṣù Kọkànlá, lọ́dún 1887, àwọn ọkùnrin kan kóra jọ sí ilé ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń pè ní Farragut Boat Club ní ìlú Chicago. Èsì ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín Yunifásítì Yale àti Harvard ni wọ́n ń retí. Nígbà tí èsì dé, tí inú àwọn kan dùn, ọ̀kan nínú wọn ju ìbọ̀wọ́ àwọn akànṣẹ́ lu ẹnì kejì, onítọ̀hún sì fi igi gbá a padà. George Hancock tó wà níbẹ̀ fi okùn di ìbọ̀wọ́ náà kó lè rí róbótó, ó fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ yàrá, eré sì bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ṣe é nítorí pé òtútù ìta kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbá béésìbọ́ọ̀lù lásìkò náà. Bí sọ́fùbọ́ọ̀lù ṣe dáyé nìyẹn: àwọn atukọ̀ ló bí i, òtútù ló gbẹ̀bí rẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ tó bá ń ka orí yìí lè ní kí ló kan òun nínú òtútù Chicago. Ní Igbókòdá, ní Ugbónlà, ní Àwóyè, kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí omi ń dì. Ọyẹ́ pàápàá, tó ń mú kí àwọn ará Kánò wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó dé etíkun. Sọ́fùbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tẹníìsì orí tábìlì àti ìwakọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀. Ṣùgbọ́n báàtì, ìyẹn igi tàbí irin tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kò mọ orílẹ̀-èdè tó wà. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìwọ̀nyí nìkan ló mọ̀. Ẹni tí ìdí tí báàtì fi ń là ní Chicago bá yé, ìdí tí àjẹ̀ fi ń jẹrà ní Ayétòrò yóò yé e, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí bọ́ọ̀lù ilé ìwé rẹ̀ kó tó di àlòkù.

Ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù

Bọ́ọ̀lù tí àwọn àgbà ń lò fún sọ́fùbọ́ọ̀lù wọn ínǹṣì 12 yíká, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 30 àti ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 178 sí 198. Bí a bá fi ọ̀bẹ là á sí méjì, awọ funfun tàbí awọ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi òwú rán ni a ó kọ́kọ́ rí. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ìwé òfin eré náà kọ́kọ́ dárúkọ fún inú bọ́ọ̀lù yìí ni òwú àràbà tí fọ́nrán rẹ̀ gùn. Àràbà náà tí a mọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ máa ń là, tí òwú funfun á máa fò kiri, tí àwọn èèyàn á ṣà á láti fi kún ìrọ̀rí. Ara fọ́nrán òwú yìí ní ìda díẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo, nítorí náà omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í sínú ẹ̀wù ìléfòó àwọn awakọ̀ òkun, kí fóòmù tó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbùkù òwú àràbà ni pé bí wọ́n ṣe ń gbá a ló ń fún pọ̀, bọ́ọ̀lù á sì máa rí págunpàgun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àdàlù kọ́ọ̀kì àti rọ́bà dé. Lóde òní, polyurethane ló gbòde. Ìbátan fóòmù tí a ń sùn lé ni, àmọ́ ti inú bọ́ọ̀lù ki ju ti ibùsùn lọ fíìfíì.

Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà méjì sára bọ́ọ̀lù tó bá gba ìdíje. Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ .44 àti 375 sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń ta padà tó: bí a bá yìn ín lu ògiri líle ní iyára máìlì 60 ní wákàtí kan, iyára tó fi máa padà kò gbọdọ̀ ju bíi máìlì 26 lọ. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe le tó: ìwúwo tí a ó gbé lé e kó tó tẹ̀ wọlé ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan, ìyẹn bíi mílímítà 6. Ìwúwo náà jẹ́ páùn-ùn 375, tí í ṣe kìlógíráàmù 170. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta kò tíì tó o. Ẹ rí i pé kò sí ohun tó rọ̀ nínú bọ́ọ̀lù yìí, ohun yòówù tí orúkọ rẹ̀ ìbáà máa sọ.

Nínú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà wọ̀nyí, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti wà fún ọjọ́ púpọ̀ níbi tí ìgbóná kò ju nǹkan bíi dígírì Celsius 22 lọ, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì wà ní nǹkan bíi ìpín 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kò parọ́, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sòótọ́ mọ́.

Ohun tí òtútù ń ṣe

Polyurethane, rọ́bà àti ike, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn ti átọ́ọ̀mù tó so kọ́ra ló wà nínú wọn. Bí ooru bá wà, àwọn ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí á máa rìn, á máa yí gba ara wọn kọjá, ohun náà á sì rọ̀. Bí òtútù bá mú wọn, ìrìn á dín kù, wọn á dúró gan-an, ohun náà á le. Nítorí náà bọ́ọ̀lù tó jẹ́ 375 nínú yàrá ìwádìí máa ń rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ó sì máa ń le kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òtútù bá mú.

Ní Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé tí wọ́n sì ń bímọ sí, eré sọ́fùbọ́ọ̀lù àwọn ilé ìwé girama máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ìgbóná ọ̀sán gangan kì í sábà kọjá dígírì 10. Ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù tutù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì fi àárín báàtì gbá a, ọwọ́ á máa ta á títí dé ìgúnpá. Ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ń jẹ, báàtì náà ń jẹ ẹ́.

Irú báàtì tó wà lọ́wọ́ ló ń sọ bí ìyà náà ṣe máa pọ̀ tó. Alumíníọ̀mù kì í di ẹlẹgẹ́ nínú òtútù bíi ti ike, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó ti le á máa dá kòtò sí i lára, báàtì tó bá sì ti ní kòtò, àwọn adájọ́ eré kì í jẹ́ kí ó wọ pápá. Báàtì onígi, tí wọ́n máa ń fi igi ash tàbí maple gbẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń là tẹ̀ lé ojú fọ́nrán rẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn jù ni báàtì alápapọ̀. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni wọ́n hun bí aṣọ, tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù kan tó ń le gbagidi dì pọ̀. Ògiri báàtì yìí fẹ́lẹ́, ó sì ń rọ́ wọlé díẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bà á, kó tó ta á jáde. Níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Nínú òtútù, gọ́ọ̀mù náà á gan, kò ní lè rọ́ bó ṣe yẹ, bọ́ọ̀lù tó sì ń bọ̀ wá bá a ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpele á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára ìpele. Etí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ: dídún rẹ̀ á yí padà, á máa dún gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀ bí ohun tó sán. Lẹ́yìn náà ni ojú á rí ìlà tíńtín bí irun, bí a bá tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe báàtì yìí ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó bí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju dígírì Fahrenheit 60 lọ, ìyẹn dígírì Celsius 15 àti ààbọ̀.

Kò sí idán nínú bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo irinṣẹ́ ní Chicago. Báàtì kì í sùn nínú búùtù ọkọ̀ mọ́jú. Inú ilé ni wọ́n ń gbé e sí, wọn kì í sì í gbé e jáde àfi tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mélòó kan á wà nínú àpò tí wọ́n fi aṣọ nípọn wé, wọ́n á máa pààrọ̀ èyí tó ti tutù sí èyí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí wọ́n bá ń kọ́ṣẹ́ lásán, báàtì alumíníọ̀mù tó ti gbó ni wọ́n ń lò. Alápapọ̀ olówó ńlá á dúró de ọjọ́ ooru. Ẹni tó bá sì ń gbá á, á máa yí báàtì lọ́wọ́ díẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbá, kí ojú kan má baà máa jẹ ìyà náà nígbà gbogbo. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn gbé báàtì lé ẹ̀rọ amúlégbóná kó lè yá gágá. Gọ́ọ̀mù tí iná bá ti mú rọ̀ kì í padà sí bó ṣe wà, òfin ìdíje mìíràn sì ka irú báàtì bẹ́ẹ̀ sí èyí tí wọ́n ti yí padà lọ́nà àìtọ́.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní tirẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ká ní a fẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Igbókòdá níbi tí ìgbóná jẹ́ dígírì 30, a sì fẹ́ ẹ títí òṣùwọ̀n fi ka 0.8. Òṣùwọ̀n náà kò ka ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká, tí í ṣe 1, mọ́ ọn; nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.8. Ẹnìkan wá gbé bọ́ọ̀lù yìí wọ bàálù lọ sí London, ó sì gbé e sórí pápá lọ́jọ́ tí ìgbóná jẹ́ dígírì 5. A ó fi 273 kún ìgbóná méjèèjì kí a lè rí òṣùwọ̀n Kelvin: 303 àti 278. Ìtẹ̀ tuntun ni 1.8 tí a sọ di púpọ̀ ní 278, tí a wá fi 303 pín, èyí tó jẹ́ 1.65. Bí a bá yọ 1 ti ayé kúrò, 0.65 ló kù. Òfin FIFA gba láti 0.6 dé 1.1, nítorí náà wọn kò ní lé bọ́ọ̀lù náà kúrò ní pápá, àmọ́ ẹni tó bá gbá a á mọ̀ pé ó ti rọ̀. Kò sì sí ihò kankan lára rẹ̀. Kó tó di pé ẹ fi ẹ̀sùn kan ẹni tó lo bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́.

Ọ̀rinrin etíkun wa

Ọ̀tá tiwa nìyí. Etíkun ìpínlẹ̀ Òǹdó kò rí bákan náà láti òpin kan dé èkejì. Ní apá Àràromí, iyanrìn ni. Bí a bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, sí Ayétòrò àti Àwóyè, ẹrẹ̀ ni òkun ń bá pàdé. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pe apá yìí ní etíkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Màhìn. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ti dá Ayétòrò sílẹ̀ lọ́dún 1947, tí wọ́n fi pákó ṣe ilé sórí òpó, tí wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ìlú náà láti ìgbà yẹn wá, ilé, ilé ìwé àti ilẹ̀ tí ọmọ lè sáré lórí rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ bá ti wọ́n báyìí, bọ́ọ̀lù kò lè ṣe kó má bọ́ sínú omi tàbí ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́sàn-án kan.

Ẹrẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá bọ́ọ̀lù níbi gbogbo o. Ní 1938, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lena Blackburne rí ẹrẹ̀ kan létí odò ní New Jersey, wọ́n sì ń fi irú ẹrẹ̀ yìí pa bọ́ọ̀lù tuntun lára nínú ìdíje béésìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà títí di òní, kí dídán rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù lè mú un dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ odò ni tiwọn, ẹrẹ̀ òkun ni tiwa, ìyàtọ̀ náà ò sì kéré, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ igi. Igi kì í gbẹ tán, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú ilé. Ó máa ń gba omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń dá a padà, títí òun àti afẹ́fẹ́ á fi bára dọ́gba. Ní ìgbóná dígírì 27, bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìpín 50 nínú ọgọ́rùn-ún, omi tó wà nínú igi á jẹ́ bíi ìpín 9 ìwúwo igi gbígbẹ náà. Bí ọ̀rinrin bá di 80, omi inú igi á di 16. Bó bá di 90, á di 20. Ìpín 20 yìí ni ẹ fẹ́ fọkàn sí, nítorí pé ibẹ̀ lọ sókè ni olú tó ń ra igi ti ń ráyè. Ní etíkun Ìlàjẹ, lálẹ́ àti ní òwúrọ̀, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń kọjá 80 dáadáa, àgàgà lásìkò òjò, nígbà tí ìkúùkuù bá bo odò mọ́lẹ̀.

Ẹ fojú inú wo báàtì onígi kan tó wúwo gíráàmù 900 nígbà tó kúrò nílé ìtajà níbi tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìpín 9. Bí a bá gbé e wá síbi tí omi inú rẹ̀ di 16, ìwúwo rẹ̀ á di nǹkan bíi 958. Ọmọ tó ń fi í gbá bọ́ọ̀lù lè má mọ̀ pé gíráàmù 58 ti kún un, kó kàn máa rò pé àárẹ̀ ló mú òun. Igi tó gba omi tún ń wú, kì í sì í wú bákan náà ní ìhà gbogbo: ó máa ń wú síta ju bó ṣe ń gùn lọ. Bí ọyẹ́ bá wá dé lójijì, tí afẹ́fẹ́ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ara igi tó wà níta á gbẹ sáájú inú, á sì là. Wíwú àti gbígbẹ lemọ́lemọ́ yìí ló ń ba igi jẹ́ ju ọ̀rinrin nìkan lọ.

Ẹ lọ wo àjẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àárín rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti fọ̀ ọ́ dán, sábà máa ń le. Ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ àti orí rẹ̀ lókè ló máa ń kọ́kọ́ dúdú, tó ń là, tó ń rà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé fọ́nrán igi, tí ihò tóótòòtó inú rẹ̀ yọjú síta, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé kánkán ju bó ṣe lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ. Bákan náà ni báàtì. Ẹni tó bá kun gbogbo ara báàtì ní fánísì tó wá gbàgbé orí àti ìdí rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì mọ èyí: òróró linseed ni wọ́n fi ń pa báàtì wọn, wọn kì í sì í fojú fo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń kanlẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pa á o. Òróró tó pọ̀ jù á sọ igi di wúwo.

Bọ́ọ̀lù náà ń mu omi. Inú bọ́ọ̀lù sọ́fùbọ́ọ̀lù onípolyurethane máa ń rọ̀ bí ọ̀rinrin bá pọ̀, tí awọ rẹ̀ á sì wúwo. Ní ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, FIFA ní àyẹ̀wò fún èyí: wọ́n á máa yí bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ nínú omi nígbà 250, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bọ́ọ̀lù tó fẹ́ gba òǹtẹ̀ tó ga jù kò gbọdọ̀ fi omi kún ìwúwo rẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ. Bọ́ọ̀lù olówó pọ́ọ́kú tó pọ̀ lọ́jà kò ní òǹtẹ̀ kankan, ojú rírán rẹ̀ ni omi sì ń gbà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé etídò, mo fara mọ́ èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi òwú rán lọ, ìbáà tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Iyọ̀

Bí omi nìkan ni, à bá sá a kó gbẹ, kó parí. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó parí. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Nígbà tí báàtì tàbí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú rẹ̀, tí a sì sá a, omi á lọ, iyọ̀ á kù. Atẹ́gùn láti orí òkun pàápàá ń gbé ẹ̀kán omi oníyọ̀ tó kéré jọjọ wá bá irinṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀.

Iyọ̀ yìí kì í jókòó lásán. Ta ni kò tíì rí iyọ̀ inú àwo tó ń ṣomi lásìkò òjò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i? Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìpín 75, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú afẹ́fẹ́ sára, títí á fi yọ́. Ẹ fi èyí wé ohun tí a sọ nípa alẹ́ etíkun wa, ẹ ó sì rí i pé ohun tí omi òkun bá ti kàn kò ní gbẹ mọ́jú láé àyàfi tí a bá kọ́kọ́ fọ iyọ̀ náà kúrò. Ìdí nìyẹn tí bàtà kan fi máa wà lábẹ́ àjà fún ọ̀sẹ̀ kan tí yóò ṣì tutù, tí èébu á sì hù sí i.

Lára alumíníọ̀mù, omi iyọ̀ ń ṣe ibi tó burú jù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń fi èèpo tíńrín kan bo irin yìí fúnra rẹ̀, èèpo náà ló sì ń dáàbò bò ó. Iyọ̀ ń lu èèpo náà ní ihò wẹ́wẹ́, á máa gbẹ́ ibẹ̀ wọlé. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun tí a ń rí lára ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n gbé sí etíkun ni ẹ̀rí rẹ̀. Nínú báàtì, abẹ́ rọ́bà tí a fi wé ibi ìdìmú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òógùn ọwọ́, tó ní iyọ̀ nínú, àti omi òkun á ha síbẹ̀, ojú kò sì ní tó o.

Omi aláìníyọ̀ ni oògùn. Mo mọ̀ pé ní abúlé tí omi mímu ti ṣọ̀wọ́n, tí a ń gba omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù, a kò lè ní kí ọmọ da gárawá omi méjì sórí báàtì. Aṣọ tí a rì sínú omi òjò, tí a fún, tó láti nù ún lẹ́ẹ̀méjì: ẹ̀ẹ̀kan láti tú iyọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láti kó o kúrò. Aṣọ kejì gbọ́dọ̀ mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ kan náà ni a ń tẹ́ káàkiri. Bọ́ọ̀lù aláwọ nìkan ni mo máa ní kí a má ṣe ṣahun omi sí, nítorí pé iyọ̀ tó bá gbẹ sínú awọ máa ń mú kó gan, kó sì là níbi tí òwú ti gbà á kọjá.

Gbígbẹ àti ibi ìfipamọ́

Lásìkò kan láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán ni ó dára jù láti sá nǹkan lọ́dọ̀ wa. Ní òwúrọ̀ kùtù ìrì ṣì wà. Tó bá di ọ̀sán rọ̀, atẹ́gùn orí òkun á ti dìde gidi, á máa gbé iyọ̀ bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa ni kí ẹ sá irinṣẹ́, ní ẹ̀yìn ilé tí kò kọjú sí òkun, lábẹ́ ibòòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí ẹ sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Oòrùn gangan ń ba rọ́bà àti gọ́ọ̀mù jẹ́.

Iná tí àwọn ìyá wa fi ń yan ẹja ńkọ́? Ó wà nítòsí, ó gbóná, ó sì ń wu ọmọ láti gbé bọ́ọ̀lù tó tutù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ohun tí iná yẹn ń ṣe sí ẹja, láti lé omi jáde kánkán kí ara rẹ̀ sì kì, ni yóò ṣe sí igi: ìta á gbẹ, inú á tutù, ó di lílà. Gọ́ọ̀mù inú bọ́ọ̀lù á yọ́, àpò tí ń gba afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ á sì rọ̀.

Nínú ilé orí òpó, omi wà lábẹ́ pákó, ọ̀rinrin rẹ̀ sì ń gba àlàfo pákó gòkè ní gbogbo òru. Ilẹ̀ ilé ni ibi tó burú jù láti tọ́jú irinṣẹ́ sí. Ẹ gbé e kọ́ sí òkè, sínú àpò aṣọ tàbí àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ọ̀rá dára nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì, nígbà tí omi ń ta sí gbogbo ara. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ tú u. Ohun tó tutù tí a dì sínú ọ̀rá mọ́jú, èébu la fi sílé fún.

Àwọn kan ní ìṣòro òdìkejì tiwa. Ní Colorado, lórí òkè ńlá ní Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù ń fúyẹ́, ó ń le, ó sì ń fò jìnnà ju ti ibòmíràn lọ. Lọ́dún 2002 ni ẹgbẹ́ Colorado Rockies kọ́ yàrá kan tí wọ́n ń fi ọ̀rinrin sí, inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú bọ́ọ̀lù sí. Nígbà tó fi di 2022, gbogbo pápá ẹgbẹ́ 30 tó wà nínú ìdíje náà ló ti ní irú yàrá yìí. Àwọn ń bu omi sí afẹ́fẹ́. Àwa, ṣe ni ká yọ omi kúrò. Àpótí onídèérí kan tó ti dáadáa, tí gílóòbù kékeré kan ń tàn nínú rẹ̀, á mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ti ìta lọ, ọ̀rinrin rẹ̀ á sì wálẹ̀. Níbi tí iná ọba kò sí, gílóòbù oníná oòrùn kì í sábà mú ooru tó pọ̀ wá. Àpò kékeré onísílíkà tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun ló sàn níbẹ̀, bí a bá ń yan án gbẹ lórí agbada, lórí iná tó rọlẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti tú sílíkà náà jáde nínú bébà rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá pákó méjì tó dọ́gba, tí wọ́n gé lára igi kan náà, àti òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù. Ẹ wọn pákó méjèèjì. Ẹ ri ọ̀kan sínú omi òjò, èkejì sínú omi òkun, fún wákàtí kan. Ẹ gbé méjèèjì kọ́ sí ibi kan náà, ẹ máa wọ̀n wọ́n ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ títí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì kọ ohun tí ojú ọjọ́ ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Bí òjò bá rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ má bínú; àwọn ọjọ́ yẹn ló wúlò jù.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí pákó tí a rì sínú omi òkun fi lè wúwo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kẹta ju bó ṣe wúwo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Kejì lọ?

2. Wọ́n fẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Chicago lọ́jọ́ tí ìgbóná jẹ́ dígírì 5, òṣùwọ̀n ka 1.0. Wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún ilé ìwé kan ní Ugbónlà, ó sì dé lọ́jọ́ tí ìgbóná jẹ́ dígírì 33. Kí ni òṣùwọ̀n máa kà? Ṣé ó bá òfin FIFA mu?

3. Ẹnìkan fẹ́ ra báàtì mẹ́fà fún ẹgbẹ́ sọ́fùbọ́ọ̀lù tuntun ní Àràromí: onígi, alumíníọ̀mù tàbí alápapọ̀. Èwo ni ẹ máa ní kó rà, kí sì ni ẹ máa ní kó máa ṣe sí i lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan? Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí kan náà fún ẹgbẹ́ tó wà ní Chicago.

4. Ẹ bi ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ tàbí àjẹ̀ ní àdúgbò yín léèrè irú igi tó ń lò àti ohun tó ń fi pa á lára. Ẹ ṣàlàyé ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ kà nínú orí yìí nípa fọ́nrán igi àti omi.